Ohun Tó Lé Lórí Ago Dúródemí

                                        Ilé Onígéètì Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

O kú àtijọ́ o. Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ara ńkọ́? Orúnkún òsì yẹn ńkọ́, èyí tó máa ń sọ fún wa pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ tó mọ̀? Ọmọ wa ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì bá a yí iṣẹ́ alẹ́ yẹn padà nílé ìwòsàn? Àwọn kékeré ńkọ́? Èyí tí eyín iwájú rẹ̀ yọ, ṣé òmíràn ti hù síbẹ̀ àbí ó ṣì ń fi ihò súfèé? Èmi náà wà. Mò ń jẹ, mò ń sùn, mò ń jà. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé mo ti rọ̀, irọ́ ló pa.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ tí o bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí. Ìwé kejì ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n jókòó sílé máa gbé àbúrò mi pọ̀n, ọkọ tìrẹ náà nìyẹn. Télọ̀ tó yá yàrá iwájú ní òun á bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi bà jẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi tún un ṣe. Mi ò sì pè ọ́ lórí fóònù, torí mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ìjà ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, ó ti pẹ́ jù láti dá a padà.

Kí àyà rẹ tó já, jẹ́ kí n yáa sọ ọ́: Dúródemí kò kú. Ajá ọkọ rẹ wà láàyè, ó wà lẹ́sẹ̀ mi níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá, kò sì sí ọ̀tá kankan tó ṣe é. Ọwọ́ mi yìí ni.

O rántí ọjọ́ tí o lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa. Takisí ti dúró lẹ́nu géètì, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti ń fun fèrè. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọmọ wa ń gbé, wọn kì í gba ajá níbẹ̀, èmi náà sì ti pariwo fún gbogbo ilé pé ajá àbúrò mi kò ní lọ sọ́wọ́ àjèjì níṣojú mi. Ìwọ wá pè mí wọ ilé ìdáná. O bu oúnjẹ ajá, èyí gbígbẹ inú àpò yẹn, sínú ago rọ́bà funfun, o fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ago kan láàárọ̀, ago kan nírọ̀lẹ́, kó tẹ́ báyìí. Ẹ má fi nǹkan kan lé e lórí. Tó bá ń wò yín, ẹ yáa wo ibòmíì."

Ìyàwó mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lo fi sọ ọ́. Èmi ni mo fi ẹ̀gàn dá ọ lóhùn. Mo wo ago tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, mo ní, "Abájọ! Bó o ṣe ń wọn oúnjẹ fún àbúrò mi náà nìyí, tó fi gbẹ bí igi ìdáná kó tó kú." Dẹ́rẹ́bà takisí gbọ́. Télọ̀ gbọ́. Ìwọ náà gbọ́. O kàn gbé ago náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, o tún gèlè rẹ wé, o jáde. O ò tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ká ní o bú mi padà ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ìjà là ń jà tẹ́lẹ̀, a ó sì tún jà. Ṣùgbọ́n bí o ṣe gbé ago yẹn kalẹ̀ jẹ́jẹ́, òun ni mò ń gbọ́ títí dòní. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́jọ́ náà, ajá gbọ́. Èmi ni mi ò gbọ́.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo: mo tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé ìtẹ̀wé láti ìgbà tí irun mi ti dúdú títí ó fi funfun, kò sì sí oníbàárà tó gba òṣùwọ̀n pẹrẹsẹ lọ́wọ́ mi rí. Màá bù ú, màá kó o jọ, màá fi ọwọ́ òsì ṣe ọgbà yí i ká kó lè ga sókè ṣóńṣó. Ìgbà tó bá ń dà sílẹ̀ ni mo tó gbà pé ó kún. Lẹ́yìn ìyẹn, màá tún bu ènì lé e. Àwọn tó ń fi igi gé orí òṣùwọ̀n, olè ni mò ń pè wọ́n, mo sì ń pè é sí wọn létí. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo mú ọ̀bẹ láti gé orí ago ajá, ọwọ́ mi kọ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí n ja ẹni tó ń sùn lólè. Mo kó o jọ ṣóńṣó. Mo bu ènì. Ajá kì í sanwó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà ni oníbàárà ń jẹ́.

Má sì rò pé agídí nìkan ni o. Lẹ́yìn tí o lọ, ajá náà lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì, kò jẹun. Àbúrò mi kò sí, ìwọ náà ò sí, èmi àti òun la wá ń wo ara wa bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Mo da omi ẹran lé oúnjẹ rẹ̀ lórí, mo fọ́ ẹyin sí i. Ó gbé orí sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó lá abọ́ títí abọ́ fi ń rìn káàkiri ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ, kò tíì sẹ́ni tó gba nǹkan lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà: ago ṣóńṣó, omi ẹran, ẹyin, àti ìdí ìkòkò tí mo bá fẹ́ fọ̀.

Èmi nìkan sì kọ́. Télọ̀ máa ń ju èèpo búrẹ́dì sí i. Bàbá Dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, máa ń fi egungun ẹran sílẹ̀ dè é. Dúródemí á jẹ tèmi tán, á nu ẹnu mọ́ koríko, á gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sọ́dọ̀ télọ̀, á jókòó, á fa ojú wálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé. Télọ̀ á ní, "Ìyá ò tíì fún ẹ lóúnjẹ ni? Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Tó bá kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Gbogbo wa là ń ṣàánú ẹni tó ti yó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ọrùn rẹ̀ wọ inú èjìká lọ. Bẹ́líìtì ọrùn tí àbúrò mi rà fún un kò yí i ká mọ́, mo wá fi okùn so ó. Télọ̀ sọ ọ́ ní Alága, tó bá ti ń bọ̀, á ní, "Ẹ dìde, Alága wọlé, ẹ gbé àga fún wọn!" Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú. Bàbá Dẹ́rẹ́bà sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ìyá, ajá yìí ti ń di tábìlì o." Mo ní irun ló pọ̀. Ìwọ náà mọ irun Dúródemí. Kò ju ti ẹ̀yìn ọwọ́ mi lọ.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn òjò kan, ó fẹ́ gun àtẹ̀gùn fàráńdà, àtẹ̀gùn méjì péré tó máa ń fò kọjá nígbà tí àbúrò mi bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú gòkè, ti ẹ̀yìn kò tẹ̀ lé e. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dì í mú. Ó tún gbìyànjú, ó ṣubú yakata, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Mo fà á, mi ò lè gbé e. Télọ̀ fà á, kò lè gbé e. Ìgbà tí a yá bárò lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lódì kejì la tó gbé e kúrò nílẹ̀. Bí a ṣe ń tì í lọ lójú títì, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá, ṣé màlúù lẹ rà ni?" Mo ní, "Rárá, bàbá rẹ ni mò ń gbé lọ sílé ìwòsàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti ń dà lójú mi nígbà yẹn, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n rí i.

Dókítà ẹranko yẹn, obìnrin kékeré kan tó ní gíláàsì lójú ni. Mo rò pé ó máa ní ibà ni, tàbí kó ní ẹnìkan fi májèlé sí i lóúnjẹ. Mo ti mú orúkọ ẹni tí mo máa fẹ̀sùn kàn wá láti ilé. Kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé ọwọ́ lé ìhà rẹ̀, ẹ bá mi wá egungun rẹ̀." Mo wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú tìmùtìmù, mi ò rí i. Ó wá gbé ọwọ́ mi lé ìhà ajá kan tí ọlọ́dẹ kan mú wá gba abẹ́rẹ́. Mo kàn fọwọ́ bà á lásán ni, gbogbo egungun ìhà wà lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ẹni fọwọ́ kan ìka èèyàn lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́. Mo ní, "Ọlọ́dẹ, ebi ń pa ajá rẹ." Ọlọ́dẹ fẹ́ bínú. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, èyí gan-an lara rẹ̀ le." Ó ní tí èèyàn bá dúró lókè wo ajá, ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ wọlé díẹ̀ lẹ́yìn ìhà, tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ikùn rẹ̀ fà sókè lọ sẹ́yìn. A dúró lókè wo Dúródemí. Kò síbi tó wọlé, kò síbi tó fà sókè. Ó rí roboto bí àpò ẹ̀wà.

Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń wọn oúnjẹ rẹ̀ han òun. Ó gbé ago fún mi àti oúnjẹ gbígbẹ. Ìyàwó mi, mo fi iṣẹ́ mi hàn án! Mo kó o jọ ṣóńṣó, mo fi ọwọ́ ṣe ọgbà yí i ká, mo sì bu ènì lé e. Mo tiẹ̀ ń retí kó yìn mí. Ó gé orí rẹ̀ sórí tábìlì pẹ̀lú rúlà, ó kó èyí tó dà sílẹ̀ jọ sínú ago mìíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ó ní, "Màmá, èyí tó lé lórí yìí, oúnjẹ ajá mìíràn ni." Mo gba ago náà, mo gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi.

Ó jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé. Ó ní a kì í wo bí ajá ṣe wúwo tó báyìí ká tó wọn oúnjẹ rẹ̀, bó ṣe yẹ kó wúwo là ń wò. Ajá tó ti ń dàgbà, tó ń sùn ju bó ṣe ń rìn lọ, oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ti ìgbà tó ń lé ọmọdé kiri. Búrẹ́dì télọ̀, egungun Bàbá Dẹ́rẹ́bà, omi ẹran mi, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Ikùn kì í béèrè ta ló fún un. Ó ní kí n má fi ebi pa á lójijì o, díẹ̀díẹ̀ ni ká máa dín in kù, ká máa gbé e wá sórí ìwọ̀n, kí òun lè mọ̀ bóyá ká tún dín in tàbí ká dá díẹ̀ padà. Ó ní ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa bọ́ ọ. Tí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń gbé ajá méjì kò ní pẹ́ dákẹ́, ọkàn á sì tẹ̀ lé e.

Ó wá bi mí pé ta ló ń bọ́ ọ nígbà tí Bàbá, ọkọ rẹ, máa ń mú un wá. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni. Ojú dókítà tàn. Ó ní, "Háà, Bàbá! Wọ́n máa ń sọ pé ìyàwó àwọn ló ń wọn oúnjẹ àwọn àti ti ajá. Wọ́n á ní, 'Dókítà, èmi àti Dúródemí wà lẹ́wọ̀n obìnrin kan náà, ṣùgbọ́n ẹ wò wá, àwa méjèèjì ṣì ń sáré.' Wọ́n máa ń fi fọ́nnu, mà."

Mi ò mọ̀. Ìyàwó mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹkún ebi ló máa ń sun, bí ọmọdé tó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kẹ́ òun: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí, ewé ni wọ́n fẹ́ fi pa mí." Mo gbà á gbọ́. Mi ò mọ̀ pé tó bá kúrò lọ́dọ̀ mi, ìwọ ló ń fi yangàn kiri. Àìsàn ló jẹ ẹ́ gbẹ, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ lo jẹ́ kó pẹ́ tó bó ṣe pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ létí mi lọ́jọ́ ìsìnkú, mo ṣe bí ẹni pé adití ni mí. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti rí ẹni tí màá bínú sí.

Báyìí, ajá náà ti fọn díẹ̀. Ó lè dìde fúnra rẹ̀, ó lè rìn dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi kó sì padà wá. Àtẹ̀gùn ṣì ń bà á lẹ́rù. Tó bá débẹ̀, ó máa ń jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí kò rí i. Dókítà ní òun ò lè búra pé yóò tún gùn ún, ṣùgbọ́n ó ní tó bá ń fọn lọ báyìí, ó lè ṣeé ṣe.

Èmi ni ìṣòro. Mò ń gé orí ago, mò ń gé e, tí mo bá sì yíjú, ìka mi á ti da díẹ̀ padà. Lánàá, mo jókòó sídìí tábìlì, mo wo ọwọ́ mi, búrẹ́dì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà lẹ́nu ajá. Mi ò mọ ìgbà tí mo fún un. Télọ̀ kígbe láti ojú fèrèsé, "Ìyá! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Mo bú u dáadáa, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo ti gbìyànjú láti gbé ago náà fún télọ̀ pé kó máa bọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì péré, ajá fi imú kan orúnkún rẹ̀, télọ̀ ní òun fi kékeré lé e ni. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ní ojú òun kò ríran débi tí òun á fi mọ etí ago. Ilé àwọn aláàánú ni ilé yìí, ìyàwó mi, a ó sì fi àánú pa ajá náà níṣojú ara wa. Nínú gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ láyé, ìwọ nìkan lo lè fẹ́ràn ẹni kí o sì gé orí ago rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, mo kó o jẹ. Ó korò. Mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, pàápàá fún ìyàwó tí wọ́n fẹ́ lójú mi, orúnkún mi ò sì tún tẹ̀ dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń ka ibi yìí, kà á bí ẹni pé mo wà nílẹ̀. Má sọ fún télọ̀.

Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ yá a, mo ní ó ní ẹni tó ni ín. Tí o bá fẹ́ wá mú ajá rẹ lọ, mo ti gbọ́ pé ọmọ wa ń wá ilé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń gba ajá. Màá so ó fún ọ, mi ò ní jà. Tí o bá sì lè dúró tì í níbí, yálà fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí, ilé ọkọ rẹ ni, má ṣe kan ilẹ̀kùn. Màá jẹ́ kí o wọn tèmi náà, torí dókítà èmi gan-an ti ń wò mí lójú wò mí nímú. Màá ráhùn o. Màá sọ fún gbogbo àdúgbò pé o ń febi pa mí. Má dá mi lóhùn.

Bá mi kí ọmọ wa, kí ọkọ rẹ̀, kí o sì bá mi gbá àwọn kékeré yẹn mọ́ra títí wọ́n á fi pariwo. Télọ̀ ní kí n kí ọ. Bàbá Dẹ́rẹ́bà náà ní kí n kí ọ, ó ní ilé ti gbóná jù láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń bá mi sọ òótọ́ jẹ́jẹ́.

Má kọ̀wé padà. Ojú mi ò dáa tó láti ka lẹ́tà, mi ò sì ní gbé e fún télọ̀. Ṣáà máa bọ̀.

                                        Tìrẹ ni mí, tí o bá ṣì ń gbà mí,
                                        Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, olórí kunkun.